Ètò Ìrìn-àjò àti Ìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́run: Láti Hamdalaye Dé Etíkun

Ètò ìrìn-àjò jíjìn ń gbé ìbéèrè ẹ̀sìn kan dìde tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ẹ̀rín dáhùn, ṣùgbọ́n tí àwọn onímọ̀ ti fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn rò. Bí ó bá jẹ́ Ọlọ́run nìkan ló mọ ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn yóò dé, ṣé kì í ṣe àìnígbàgbọ́ ni kí ènìyàn jókòó, kó máa ṣírò kìlómítà, kó máa to ìwé, kó máa yan ọ̀nà tí yóò gbà àti èyí tí kò ní gbà? Bí ètò bá sì pọn dandan, níbo ni iṣẹ́ ènìyàn parí sí kí ìgbẹ́kẹ̀lé tó bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè yìí kò jìnnà sí ẹni tó ń gbé ní Hamdalaye, àdúgbò kan ní Ouagadougou tí orúkọ rẹ̀ gan-an jẹ́ ọpẹ́ sí Ọlọ́run. Burkina Faso kò bá òkun pààlà níbì kankan. Ẹni tó bá fẹ́ dé etíkun láti ibẹ̀, ìbáà ṣe Mossi tó ń lọ kó ẹrù ní èbúté, ìbáà ṣe Yorùbá oníṣòwò tó ń kó àwọn ọmọ lọ kí àwọn àgbà nílé, kò lè ṣe kó má la orílẹ̀-èdè mìíràn kọjá. Ọ̀nà kan ò sì wọjà. Ọ̀nà ìwọ̀ oòrùn gba Bobo-Dioulasso lọ sí Abidjan, níbi tí ojú irin tó dé Ouagadougou ní 1954 náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà gúúsù gba Pô, ó bọ́ sí Paga ní Ghana, ó sì gba Tamale àti Kumasi dé Accra. Ọ̀nà Togo gba Koupéla, Tenkodogo, Cinkassé, Dapaong, Kara, Sokodé àti Atakpamé dé Lomé, nǹkan bí 1,000 kìlómítà. Ọ̀nà kẹrin gba Fada N'Gourma àti Pama wọ Benin, dé Natitingou, títí dé Cotonou. Bí arìnrìn-àjò bá sì dé etíkun tán, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni: títì tí wọ́n ń ṣètò láti Abidjan dé Lagos, tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè márùn-ún fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní 2014, gùn tó 1,028 kìlómítà. Ó kan Takoradi, Cape Coast, Accra, Lomé, Aného, Ouidah, Cotonou àti Badagry, pẹ̀lú ẹnubodè mẹ́rin láàárín wọn.

Ìwé tí irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ ń béèrè kò kéré. Ìwé ìrìnnà wà, yẹ́lò káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú wà, ìwé ọkọ̀ wà, ìwé ìbánigbófò tí wọ́n ń pè ní Carte Brune náà wà, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní Cotonou ní 1982. Owó sẹ́fà ń ná ní Burkina Faso, Togo, Benin àti Côte d'Ivoire, ṣùgbọ́n sídì ni ti Ghana, náírà sì ni ti Nàìjíríà. Síbẹ̀, ẹni tó bá to gbogbo èyí láìku ọ̀kan ṣì lè dé ẹnubodè kó bá a ní títì. Nàìjíríà ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀ rẹ̀ ní Oṣù Kẹjọ 2019, ẹnubodè Sèmè láàárín rẹ̀ àti Benin kò sì ṣí padà títí di Oṣù Kejìlá 2020. Àrùn Kòrónà mú kí Ghana ti tirẹ̀ títí di Oṣù Kẹta 2022. Ní Oṣù Kẹfà ọdún yẹn kan náà, ìjọba Togo kéde ipò pàjáwìrì ní ẹkùn Savanes, ibi tí ọ̀nà Cinkassé ti wọlé, nítorí ìkọlù àwọn agbébọn. Burkina Faso fúnra rẹ̀, pẹ̀lú Mali àti Niger, jáde kúrò nínú ECOWAS ní ọjọ́ 29, Oṣù Kìíní 2025, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ náà ní kí àwọn tó kù ṣì máa gba ìwé ìrìnnà wọn. Àṣẹ kan láti ọ́fíìsì kan ti tó láti da ètò oṣù mẹ́ta rú. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń sọ pé kí ló kúkú dé tí a ń da ara wa láàmú: ohun tó máa ṣẹlẹ̀ á ṣẹlẹ̀.

Èrò yẹn ti pẹ́ láyé. Àwọn ọlọ́gbọ́n Gíríìkì mọ̀ ọ́n, wọ́n sì fún un lórúkọ tó yẹ ẹ́: àríyànjiyàn ọ̀lẹ. Ohun tó wí ni pé bí a bá ti kọ ọ́ pé aláìsàn yóò yè, yóò yè, bó pe oníṣègùn, bí kò pè é. Chrysippus, tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Jésù, dáhùn pé a kì í kọ òpin nǹkan láìkọ ọ̀nà rẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ pé aláìsàn náà yóò yè, pípè tí yóò pe oníṣègùn wà lára ohun tí a kọ. Ìdáhùn náà mọ́gbọ́n wá, ṣùgbọ́n ó tutù díẹ̀. Ìtàn tí Ifá sọ lórí ọ̀rọ̀ kan náà ní ẹran ara ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìtàn náà jẹ́ ti ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó ń ti òde ọ̀run bọ̀ wá sílé ayé: Oríṣẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ dé ilé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí, kí kálukú yan tirẹ̀. Méjì nínú wọn kò yà síbì kankan; wọ́n sáré lọ, wọ́n mú orí tó dára lójú, orí náà kò sì jiná. Òjò pa wọ́n lọ́nà ayé, orí wọn ń wó díẹ̀díẹ̀. Afùwàpẹ́ yà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, wọ́n dífá fún un, wọ́n sì fi iyọ̀ àti owó lé e lọ́wọ́. Ó bá ẹnìkan lọ́nà tó ń fi eérú sebẹ̀ nítorí kò mọ iyọ̀. Ó bu iyọ̀ fún un, ẹni náà sì tọ́ ọ sọ́nà, ó sọ bí ilé Àjàlá ti rí fún un. Nígbà tó débẹ̀, Àjàlá ti sá gòkè àjà nítorí olówó tó wá sin gbèsè. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà, Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, òun gan-an ló sì bá a yan orí tó jiná.

Àwọn tó ń sọ pé Yorùbá gbà pé kádàrá ti parí gbogbo rẹ̀ máa ń dúró lórí pé orí tí ènìyàn yàn kò ṣeé pààrọ̀. Wọn kì í dúró lórí bí Afùwàpẹ́ ṣe yàn án. Ìmúrasílẹ̀ ti ṣiṣẹ́ kí kádàrá tó wà rárá: iyọ̀ nínú àpò, ìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀nà, owó tó wà nílẹ̀ fún ohun tí a kò retí. Ohun mìíràn tún wà. Wande Abimbola, nínú ìwé tó ṣe lórí Ifá ní 1976, fi hàn pé Ifá kò fi orí nìkan ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹsẹ̀ ní ipò tirẹ̀. Gbogbo orí pé jọ ní ọjọ́ kan, wọn kò pe Ẹsẹ̀ sí ìpàdé, ìpàdé ọ̀hún sì dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́ títí wọ́n fi ránṣẹ́ pè é. Segun Gbadegesin náà, nínú ìwé ìmọ̀ ọgbọ́n tó tẹ̀ jáde ní 1991, wo ìṣòro kan tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: báwo ni ẹni tó yan orí láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣe lè jẹ̀bi ohun tó yàn? Ìṣòro náà kò tíì yanjú tán. Ṣùgbọ́n kò sí ibì kankan tí Yorùbá ti fi orí rere ṣe àwáwí fún táyà tó ti pá.

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù, tó gbilẹ̀ jù ní Ouagadougou, gbé ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn ará Yemen kan wà láyé Ànábì Muhammad tí wọ́n máa ń lọ sí Háájì láìmú oúnjẹ dání. Wọ́n ní Ọlọ́run làwọn gbára lé. Bí wọ́n bá dé Mẹ́kà tán, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣagbe. Àwọn onítumọ̀ Al-Kùránì sọ pé ìdí yẹn ni àṣẹ fi sọ̀kalẹ̀, nínú Súrà kejì, pé kí arìnrìn-àjò mú èsè dání. Hádíìsì tí gbogbo ayé mọ̀, tó wà nínú àkójọ Tirmidhi, bá a mu: ọkùnrin kan béèrè bóyá kí òun tú ràkúnmí òun sílẹ̀ kí òun gbára lé Ọlọ́run, Ànábì sì ní kó so ó ná. Lódìkejì, Súrà kejìdínlógún kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun yóò ṣe nǹkan lọ́la láìfi ìfẹ́ Ọlọ́run kún un. Ibẹ̀ ni "Inṣá Allah" ti wá. Gbólóhùn náà kò fagi lé ètò. Ètò ni a ń fi í parí. Ẹni tó bá ní "Inṣá Allah" láìní ètò kankan kò tíì sọ ohun tó fẹ́ kí Ọlọ́run fọwọ́ sí.

Àpẹẹrẹ tó lágbára jù lọ lórí yíyí ọ̀nà padà ni ti Kálífà Umar. Ní nǹkan bí ọdún 638 sí 639, ó gbéra láti Mẹ̀dínà lọ sí Síríà. Nígbà tó dé ibì kan tó ń jẹ́ Sargh, àwọn olórí ogun wá pàdé rẹ̀, wọ́n ní àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ níwájú. Kò dá ìpinnu ṣe. Ó pe àwọn tó bá Ànábì ṣí kúrò ní Mẹ́kà, ó gbọ́ tẹnu wọn. Ó pe àwọn ará Mẹ̀dínà. Ó tún pe àwọn àgbà Kùráìṣì. Àwọn ti ìkẹyìn fẹnu kò pé kó padà, ó sì kéde pé ìpadà yá. Abu Ubaida, ọ̀kan nínú àwọn olórí ogun náà, béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá kádàrá Ọlọ́run ló ń sá fún. Umar gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ń sá kúrò nínú kádàrá Ọlọ́run bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́run. Ó wá fi darandaran tó wọ àfonífojì kan ṣe àkàwé: apá kan ní koríko, apá kejì gbẹ. Èyíkéyìí tó bá kó ẹran sí, kádàrá ni. Ìyẹn kò sọ pé kò mọ èyí tó yẹ kó yàn. Àárín àwọn méjèèjì kò bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó pe Umar ní aláìnígbàgbọ́. Abu Ubaida padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun rẹ̀, àrùn náà ló sì pa á.

Ọ̀rọ̀ Sargh bá ọ̀nà Fada N'Gourma sí Pama mu lónìí. Ọ̀nà yẹn ló dà bí ẹni pé ó tọ́ jù lórí àwòrán fún ẹni tó ń lọ sí Cotonou, ṣùgbọ́n ìlà oòrùn Burkina Faso àti igbó ọba Pendjari tó bá a pààlà ti di ibi tí agbébọn ń ṣe bó ṣe wù wọ́n. Ẹni tó bá gba Pô tàbí Togo lè fi àkókò kún ìrìn rẹ̀. Bí ẹnìkan bá sọ fún un pé ikú tí yóò pani kò mọ ọ̀nà, Umar ti dáhùn.

Àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù tún lọ jìnnà ju ìyẹn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí i. Ìlànà Imam Malik ni àwọn Mùsùlùmí Burkina Faso àti ti ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé. Nínú ìlànà náà, arìnrìn-àjò ń dín ìrun onírákà mẹ́rin kù sí méjì bí ìrìn rẹ̀ bá tó máìlì 48 ìgbà àtijọ́, èyí tí wọ́n ń kà sí nǹkan bí 80 kìlómítà. Wàyí o, ẹ jẹ́ ká wo èrò méjì tó jókòó sórí àga kan náà nínú bọ́ọ̀sì kan náà tó kúrò ní Ouagadougou. Ọ̀kan ń lọ sí Lomé. Èkejì yóò sọ̀ ní ìlétò kan tí kò ju 50 kìlómítà lọ. Bọ́ọ̀sì dúró lẹ́yìn ilé tó kẹ́yìn ìlú, àsìkò ìrun Àílà sì ti wọlé. Èrò Lomé yóò ki rákà méjì, èrò ìlétò yóò ki mẹ́rin. Títì kan náà ni wọ́n dúró sí, eruku kan náà ló bà lé wọn, kò sí èyí tó tíì rìn ju ara wọn lọ. Ohun tó yà wọ́n ni ibi tí kálukú pinnu láti dé.

Ẹni tó kàn ń rìn káàkiri láìní ibi kan pàtó lọ́kàn kò sí lára àwọn tó lè dín ìrun kù lójú àwọn Maliki, àfi bó bá mọ̀ pé kò lè ṣe kóun má rìn tó ìwọ̀n yẹn. Bákan náà, arìnrìn-àjò tó bá dé Accra tó sì pinnu pé òun yóò lo ọjọ́ mẹ́rin gbáko níbẹ̀ ti di onílé ní ti ìrun, yóò máa ki í pé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ ní Atakpamé, tí mẹkáníìkì ń sọ fún un lójoojúmọ́ pé ọ̀la ni ẹ̀yà ara ọkọ̀ ń bọ̀ láti Lomé, tí òun náà sì ń retí àtilọ lọ́la, ṣì lè máa dín in kù, nítorí kò pinnu láti dúró. Òfin kò béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ẹni tó mọ ìyẹn. Ohun tó pinnu ló béèrè. A jẹ́ pé ẹ̀sìn tí àwọn kan rò pé ó kórìíra ètò ti fi ètò ṣe ìpìlẹ̀ ìjọsìn arìnrìn-àjò: láìsí ètò, kò tilẹ̀ mọ iye rákà tí yóò ki.

Nínú ẹ̀sìn Kristẹni, ìwé Jákọ́bù ló sún mọ́ Súrà kejìdínlógún jù. Ó bá àwọn oníṣòwò wí, àwọn tó ń sọ ìlú tí wọn yóò lọ, iye àkókò tí wọn yóò lò níbẹ̀ àti èrè tí wọn yóò jẹ, láìfi ti Olúwa kún un. Ìgbéraga tó wà nínú ètò ló bá wí. Kò sọ pé kí wọ́n má ná ọjà. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dọ́ṣọ̀ ni orí kẹtàdínlọ́gbọ̀n Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, tí ó jẹ́ ìtàn ìrìn-àjò ojú òkun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé Pọ́ọ̀lù lọ sí Róòmù gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́wọ̀n. Ó kìlọ̀ pé àsìkò ti kọjá, kí wọ́n má kúrò ní èbúté Kírétè. Balógun tó ń ṣọ́ ọ gba ti atukọ̀ àti ọlọ́kọ̀ gbọ́. Ìjì dé. Áńgẹ́lì wá fi dá Pọ́ọ̀lù lójú pé ẹ̀mí kankan kò ní ṣòfò nínú ènìyàn 276 tó wà nínú ọkọ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, àwọn atukọ̀ fẹ́ fi ọkọ̀ kékeré sá lọ lóru. Pọ́ọ̀lù kan náà tó ti gba ìlérí sọ fún àwọn ọmọ ogun pé bí àwọn wọ̀nyí kò bá dúró sínú ọkọ̀, wọn kò lè yè. Àwọn ọmọ ogun gé okùn, ọkọ̀ kékeré sì bá omi lọ. Ìlérí wà, síbẹ̀ atukọ̀ gbọ́dọ̀ wà nídìí ọkọ̀. Pọ́ọ̀lù kò rí ìjà kankan láàárín méjèèjì, ẹni tó bá rí i ní láti kọ́kọ́ bá a jiyàn.

Àwọn kan tún wà láàárín àwọn onísúfí tí wọ́n wọ aginjù láìmú nǹkan kan dání, ìtàn wọn sì ń dùn mọ́ àwọn oníwàásù. Al-Ghazali, onímọ̀ Ìsìláàmù tó kú ní 1111, kò sá fún wọn. Nínú ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ Ihya, ó pín ọ̀nà tí nǹkan ń gbà wá sọ́wọ́ ènìyàn sí mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni èyí tó dájú: ẹni tí ebi ń pa tí kò na ọwọ́ sí oúnjẹ iwájú rẹ̀ kì í ṣe ẹni tó gbára lé Ọlọ́run, orí rẹ̀ ló dàrú. Èkejì ni èyí tó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, bí èsè fún ẹni tó fẹ́ la aginjù. Ẹ̀kẹta ni èyí tí a kàn ń rò, bí àmì wíwò àti ọgbọ́n tó ń wọnú ọgbọ́n. Èyí ló bá ìgbẹ́kẹ̀lé jà. Búréèkì tó múlẹ̀ wà lára ti àkọ́kọ́, omi nínú kẹ́ẹ̀gì àti owó tó lé díẹ̀ wà lára ìkejì. Ìwé ètò tó to wákàtí kọ̀ọ̀kan láti Hamdalaye dé Badagry, tí onítọ̀hún kò lè sùn bí ó bá fi ogún ìṣẹ́jú yẹ̀, sún mọ́ ìkẹta. Ní ibi aginjù gan-an, Ghazali gbà pé ẹni tó ti kọ́ ara rẹ̀ láti fara da ebi fún bí ọ̀sẹ̀ kan lè lọ láìmú èsè. Ṣùgbọ́n ó fi ààlà kan sí i: ẹni tó ní ìyàwó àti ọmọ lọ́rùn kò lè fi ebi tiwọn dán ìgbàgbọ́ tirẹ̀ wò.

Ààlà yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, torí pé ìrìn-àjò orí títì lónìí kì í sábà jẹ́ ti ẹnìkan ṣoṣo. Awakọ̀ tó kó èrò méjìdínlógún wá sí Alédjo, níbi tí wọ́n ti la òkè olókùúta láàárín fún ọ̀nà Kara sí Sokodé, lè ní ìgbàgbọ́ tó pọ̀ ju ti onísúfí lọ. Ó lè kọ orúkọ Ọlọ́run sára gíláàsì iwájú, kó fi tẹ̀súbáà kọ́ dígí. Bí búréèkì bá kọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, ìgbàgbọ́ tirẹ̀ ló fi ná ẹ̀mí àwọn ẹni ẹlẹ́ni, kò sì béèrè lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ dá wọ aginjù kí ebi pa á lè jẹ́ ẹni mímọ́. Awakọ̀ yìí kò sí ní ipò yẹn. Bàbá tó kó ìdílé rẹ̀ sọ́kọ̀ láìwádìí bí ọ̀nà ti rí lọ́sẹ̀ yẹn kò sí níbẹ̀ bákan náà.

Ghazali kọ orí ìwé mìíràn lórí ìwà tó yẹ arìnrìn-àjò. Kò fi àdúrà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò fi ọ̀nà bẹ̀rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ kà sílẹ̀ ni pé kí onítọ̀hún dá ohun tó fi èrú gbà padà, kó san gbèsè, kó fi owó oúnjẹ sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ́, kó sì kó ohun tí wọ́n fi pamọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó kan wíwá ẹni rere tí wọn yóò jọ rìn.